Ibi Tí À Ń Lọ Nìkan Kọ́ Là Ń Wò

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí òwe kan ti ń jà lọ́kàn mi: "Ibi tí à ń lọ là á wò, a kì í wo ibi tí a ti ṣubú." Òwe tó dáa ni. Ẹni tí ọjà rẹ̀ wó, ẹni tí ìdánwò dá padà, ọmọ tí ilé-ìwé kò gbà lọ́dún yìí, gbogbo wọn la lè fi tù nínú. Ṣùgbọ́n ẹ gbé òwe náà wọ igbó, ẹ fi gun òkè, ẹ fi rin ọ̀nà tó yí òkè po tó sì máa padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, yóò sọ yín nù kí oòrùn tó kan àtàrí.

Ohun tó jẹ́ kó máa dà mí láàmú ni pé àwọn tó ń ṣìnà lórí òkè kì í sábà ṣìnà nígbà tí wọ́n ń lọ. Ìgbà tí wọ́n bá ní kí àwọn padà ni. Wọ́n á dé oríta kan tí wọn kò rí nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ọ̀kan á ní "Ṣé ibí la gbà ni?", ẹnu á sì di méjì. Ilẹ̀ tí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀ ní wákàtí méjì sẹ́yìn á di àjèjì sí wọn. Iwin kọ́, àjẹ́ kọ́. Wọn ò wẹ̀yìn ni.

Ọ̀nà àyípo ni mo ní lọ́kàn, irú èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ igi kan, tó gun orí àpáta, tó kọjá ibi ìwòran méjì tàbí mẹ́ta tí ojú ti ń tó ìlú mìíràn, tó sọ̀kalẹ̀ gba inú igbó ẹ̀bá odò, tó sì padà sábẹ́ igi kan náà. Bí ará àbà bá rí yín lẹ́nu ọ̀nà, ohun tó máa béèrè ni pé: "Ṣé ẹ so nǹkan mọ́ ibẹ̀ ni?" Ìbéèrè tó tọ́ ni. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀nà ń lọ sóko, ọ̀nà ń lọ sódò, ọ̀nà ń lọ sọ́jà. Ọdẹ pàápàá, "Àrìnpa o" là ń kí i, torí ìrìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú nǹkan bọ̀. Ẹni tó rin kìlómítà mẹ́sàn-án tó padà síbi tó ti gbéra lọ́wọ́ òfìfo, n kò tíì mọ ohun tó yẹ ká kí i.

Àyípo yẹn gan-an ló bí ẹ̀tàn. Nígbà téèyàn ti mọ̀ pé òun kò ní í gba ibi tóun bá lọ padà, kí ló fẹ́ máa bojú wẹ̀yìn fún?

Ojú méjì lọ̀nà ní

Ẹ wò ó báyìí. Ẹ wà lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, ẹ̀ ń lọ jẹ́jẹ́. Ọ̀nà mìíràn wá láti apá òsì, ó gba ẹ̀yìn èjìká yín wọlé, ó dà pọ̀ mọ́ tiyín. Ẹ ò rí i. Lójú yín, ọ̀nà kan ṣoṣo lẹ̀ ń bá bọ̀ láti àárọ̀. Àmọ́ bí ẹ bá yí padà níbẹ̀, ọ̀nà méjì ló wà níwájú yín bí ẹ̀ka igi tó là, èyí tí kì í sì í ṣe tiyín ló fẹ̀ jù, torí òun ni ọlọ́kadà ń gbà lọ sábà. Ẹsẹ̀ á yà síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀nà tó fẹ̀ máa ń fa ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò le. Níbikíbi tí ọ̀nà bá ti dà pọ̀, tó ti kọjá odò, tàbí tó ti kúrò lórí ilẹ̀ bọ́ sórí àpáta, kí gbogbo yín dúró. Ẹ yí ara padà pátápátá, ọrùn nìkan ò tó, ẹ wò ó fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ẹ mú nǹkan mẹ́ta dání lójú: ọ̀kan tó tóbi tí kò lè kúrò, bí àpáta tó fẹ̀gbẹ́ ti òmíràn, ọ̀kan tó ga, bí ọ̀pẹ tí ààrá ti gé lórí, ọ̀kan tó wà nílẹ̀, bíi gbòǹgbò tó yọ síta dábùú ọ̀nà. Kí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè kí gbogbo yín gbọ́. Ẹni tó ń ṣáájú ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni ẹ̀yìn ni kó ni ìrántí. Bí ẹ bá máa fi fóònù ya á, ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ kọjú sí. Ọ̀pọ̀ ló ní ọgọ́rùn-ún fọ́tò iwájú nínú fóònù, tí kò sì sí ẹyọ kan tó fi ojú tí wọ́n máa bá padà hàn.

Ẹ má fi màlúù tó dùbúlẹ̀ ṣe àmì, tàbí ọ̀rá píọ́wọ́tà, tàbí ìdì igi ìdáná. Igi ìdáná ti lè wà lórí ẹnì kan lọ sílé kẹ́ ẹ tó dé padà. Ọdẹ ní tiwọn máa ń ṣẹ́ ẹ̀ka kékeré, wọ́n á jẹ́ kó rọ̀ sójú ọ̀nà kí ẹ̀yìn ewé tó funfun lè kọjú sí ibi tí wọ́n máa gbà padà. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ kan. Òkúta mẹ́ta tí a tò léra dára ju ìyẹn lọ, torí kò pa igi lára, bẹ́ẹ̀ ẹni tó tò ó lè tú u ká nígbà tó bá parí. Ẹ má fi àdá gé èèpo igi. Nínú igbó ìjọba, ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Ibi tí èèyàn ti ń sọ ọ̀nà nù jù lọ ni orí àpáta gbọọrọ. Òkúta kì í gba ojú ẹsẹ̀. Ibi tí ẹ ti fi ilẹ̀ sílẹ̀ gun orí àpáta dà bí ẹnu ọ̀nà kékeré kan nínú koríko. Bí ẹ bá wò ó látòkè lẹ́yìn wákàtí kan, gbogbo etí koríko tó yí àpáta ká ló jọ ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá ti dé Adó-Àwáyè, lọ́nà Ìsẹ́yìn, á mọ ohun tí mò ń sọ. Àtẹ̀gùn 369 ló ń gbé èèyàn gòkè níbẹ̀. Èèyàn á máa ka àtẹ̀gùn, á rò pé òkè náà ní ẹni tó ń mójú tó o títí dé orí, àfi ìgbà tí àtẹ̀gùn bá tán tó sì ku òun àti àpáta àti ọ̀nà tó lọ sọ́dọ̀ Ìyákẹ́, adágún omi orí òkè. Níbi àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn yẹn gan-an ló yẹ kéèyàn dúró kó wẹ̀yìn, kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá omi kiri.

Ta ló la ọ̀nà yìí?

Ní agbègbè wa, láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìkòyí dé Ìgbẹ́tì, ọ̀nà tí màlúù là nínú igbó kò kéré. Ó máa ń mọ́ kedere, ó máa ń dán, àlejò á sì rò pé òun ni ọ̀nà.

Orí ni kẹ́ ẹ fi mọ̀ ọ́n, ẹ má wo ilẹ̀ nìkan. Ọ̀nà tí obìnrin ń ru igi gbà máa ń mọ́ títí kọjá òkè orí, torí ẹrù rẹ̀ ń ṣẹ́ ẹ̀ka kúrò lójoojúmọ́. Ọ̀nà màlúù mọ́ nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ka ń gbá yín lójú àti láyà. Ó sì máa ń pín sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n jọ ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, torí màlúù kì í tò bí ọmọ iléèwé. Ọ̀nà ẹtu kéré sí ìyẹn, ewé á ti pàdé níbi ìbàdí. Ti ọ̀yà tilẹ̀ dà bí ihò nínú koríko. Bí ẹ bá ti ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ogún ìṣísẹ̀, ẹ dúró. Ọ̀nà èèyàn kọ́ nìyẹn. Ẹ padà síbi tí òkè orí yín ti mọ́ gbẹ̀yìn.

Ìdí kan tún wà tí kò fi yẹ kẹ́ ẹ wọ inú pàǹtí: wèrèpè. Láti oṣù Kejìlá tí èso rẹ̀ bá ti gbẹ, ìrun ara rẹ̀ ń fò nínú afẹ́fẹ́. Bó bá bà yín, ẹ má fọwọ́ ra á, ẹ má sì tíì da omi sí i. Ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ ṣí i kúrò, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, kẹ́ ẹ tó wá fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Orí àpáta kejì, aago 11:30

Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀ wá. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ ná.

Ọmọ Scotland kan tó ń jẹ́ William Naismith fi ìlànà kan lélẹ̀ ní 1892 tí àwọn agunkè ṣì ń lò: nǹkan bíi wákàtí kan fún kìlómítà márùn-ún, kí a fi wákàtí kan kún un fún gbogbo 600 mítà tí ọ̀nà bá gùn sókè. Ìlànà ilẹ̀ tútù ni. Lórí yangí àti nínú ooru tiwa, kìlómítà mẹ́ta ní wákàtí kan ló yẹ ká fi ṣe é. Ọ̀nà àyípo kìlómítà mẹ́sàn-án tó gùn sókè ní 300 mítà á gba wákàtí mẹ́ta fún ìrìn, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún gígùn, ká fi ìṣẹ́jú 45 sí i fún ìsinmi. Wákàtí mẹ́rin àti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìṣẹ́jú nìyẹn. Bí ẹ bá gbéra ní aago 6:45 àárọ̀, ẹ ti parí rẹ̀ ní aago 11, kí ooru tó mú. Òru kọ́ ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Nínú oṣù Kejìlá, nǹkan bí aago 6:30 ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn ń wọ̀ ní Ọ̀yọ́, ilẹ̀ á sì ti ṣú pátá láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú sí i. Àyè ṣì wà. Oòrùn ọ̀sán lórí àpáta tí kò ní ibòji ló ń kọ́kọ́ mú èèyàn.

Omi: ìdajì líta fún wákàtí kan bí ojú ọjọ́ bá tutù, tó sún mọ́ líta kan bó bá gbóná. Píọ́wọ́tà kan jẹ́ 50cl, nítorí náà mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn líta mẹ́ta, kìlógíráàmù mẹ́ta lẹ́yìn yín. Ẹ da á sínú ike kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ọ̀rá máa ń bẹ́ nínú báàgì bí ẹ bá fẹ̀yìn tì, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá já ọ̀rá kan kò lè dé e padà: á mu ú tán tàbí kó da á nù. Ọ̀rọ̀ tí kò jọ nǹkan kan ni títí omi á fi kù díẹ̀.

Ó dáa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago 8:30 dípò 6:45, torí ẹnì kan lọ ra búrẹ́dì. Ẹ wá jókòó sórí àpáta kejì, ìdajì ọ̀nà gẹ́lẹ́. Ìṣirò ní kó jẹ́ aago 10:40, aago ọwọ́ ní 11:30. Omi mẹ́rin ló yẹ kó kù lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ti ẹnì kan ti ku méjì. Òmíràn ti ń tiro díẹ̀díẹ̀, ó ní kò sí nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí yín lára níbẹ̀, ibẹ̀ dùn, gbogbo ilẹ̀ Ọ̀yọ́ tẹ́ rẹrẹ níwájú yín. Ẹnì kan á wá sọ gbólóhùn tí wọ́n máa ń sọ níbẹ̀: "A kúkú ti ṣe ìdajì, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀."

Ìdajì ọ̀nà ni wọ́n ṣe. Ìdajì iṣẹ́ kọ́. Kìlómítà mẹ́rin àti ààbọ̀ ló wà lẹ́yìn, iye kan náà ló wà níwájú, ṣùgbọ́n ẹ mọ ti ẹ̀yìn, ẹ ò mọ tiwájú. Níwájú ni ìsọ̀kalẹ̀ wà, níwájú ni igbó ẹ̀bá odò wà, ẹsẹ̀ tó ti lo agbára rẹ̀ lórí gígùn lẹ sì máa gbé débẹ̀, nínú ooru tó ń le sí i. Kí ìdajì tó dé, ẹ̀yìn ló sún mọ́ jù. Lẹ́yìn ìdajì, iwájú ló sún mọ́ jù. Àkókò kan ṣoṣo tí ọ̀nà méjèèjì dọ́gba, tí ẹ lè yàn, nìyẹn.

Ẹni tó bá ti ń wẹ̀yìn láti àárọ̀ nìkan ló ní ohun tó fẹ́ yàn. Ẹni tí kò wẹ̀yìn, bó ti wù kó jiyàn tó lórí àpáta yẹn, ọ̀nà kan ló kù fún un. Bó bá padà, àjèjì ni. Bó bá lọ, àjèjì ni. Ẹ̀rù àtipadà á sì mú un lọ síwájú, yóò máa pè é ní ìgboyà. Ibí lọ̀rọ̀ náà ti yé mi pé wíwẹ̀yìn kò wà fún ẹni tó fẹ́ padà. Ó wà fún ẹni tó fẹ́ lè lọ síwájú láìjẹ́ pé ọ̀ràn ló tì í.

Ilé ni kẹ́ ẹ ti ṣe ìpinnu náà, kó má jẹ́ orí òkè, torí lórí òkè ojú ń ti gbogbo èèyàn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó jáde: bí aago báyìí bá lù tí a kò tíì dé ìdajì, a ó padà. Bí omi ẹnikẹ́ni kò bá tó ìdajì mọ́, a ó padà. Bí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni bá ń dùn ún ní títẹ́jú, a ó padà, torí ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yóò dùn ún ní ìlọ́po. Ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tó. Kò sí àsọyé mọ́. Àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá.

Kí ẹnì kan nílé sì mọ̀. Ẹ sọ orúkọ òkè náà, iye yín, ìgbà tẹ́ ẹ máa dé, àti aago tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í wá yín. Mo mọ̀ pé a fẹ́ràn àtifi ìrìnàjò pamọ́ nítorí ayé. Ẹ fi ti ìlú òyìnbó pamọ́, ẹ sọ ti òkè.

Ààbò ń kọ́? Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn lásìkò yìí, ó ṣáájú bàtà, ó ṣáájú omi. Ẹ bi baálẹ̀, ẹ bi ọdẹ àdúgbò, ẹ bi àwọn Àmọ̀tẹ́kùn. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ má lọ, òkè kò ní í kúrò níbẹ̀. Ní ti ọgbà ẹranko Ọ̀yọ́ Ilé, tó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóòró, tó sì di ti ìjọba àpapọ̀ ní 1991, kì í ṣe ibi tí à ń dá wọ̀ rárá. Inú ìlú Ọ̀yọ́ ni olú ọ́fíìsì wọn wà, ibẹ̀ la ti ń gba àṣẹ, ẹ̀ṣọ́ ọgbà ló sì yẹ kó ṣíwájú. Ẹfọ̀n wà níbẹ̀. Ẹfọ̀n kì í béèrè ẹni tó mú yín wá.

Ibi ìwòran kì í ṣe ti fọ́tò nìkan

Àpáta ilẹ̀ wa kò ní etí. Ìyẹn ni ewu rẹ̀. Kò dà bí òrùlé tí ẹ lè sọ pé ibí ló parí sí. Ó rí rìbìtì bí agbárí ni. Ó ń tẹ̀ díẹ̀, ó tún ń tẹ̀ sí i, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó tẹ̀ lé èkejì kò yàtọ̀ sí tàkọ́kọ́, títí bàtà á fi yọ̀ níbi tí kò sí ohun tí ọwọ́ lè dì mú. Ẹni tó ń fi ẹ̀yìn rìn kí fọ́tò lè gba òun tán ló sábà ń débẹ̀. Ìlànà kan tó dára: ibi tí ẹ ò bá lè jókòó sí kẹ́ ẹ na ẹsẹ̀ láìyọ̀, ẹ má dúró níbẹ̀. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹ yẹra fún ojú ibi dúdú tàbí ewéko tútù tó lẹ̀ mọ́ òkúta níbi tí omi máa ń ṣàn gbà. Ó ń yọ̀ ju ilá lọ.

Àpáta tún máa ń bó ní ìpele-ìpele. Ẹ fi ọ̀pá kàn án kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Èyí tó dì dáadáa á dún kó. Èyí tó ti ṣí lábẹ́ á dún bí ìgbá òfìfo. Mo fẹ́ràn ọ̀pá fún ìdí yìí ju ìdí yòówù lọ. Ọ̀pá tó ga dé ìgúnpá, tó le, tí kò wúwo.

Bí ẹ bá ti wo ẹwà náà tán, ẹ wá ṣiṣẹ́. Orí ìwòran ni ibi kan ṣoṣo tí ẹ ti lè rí ìyókù ọ̀nà kẹ́ ẹ tó rìn ín. Ẹ wá òpó tẹlifóònù, ẹ wá páànù tó ń dán, ẹ tẹ́tí sí ìró ọkadà. Ẹ wo ibi tí igi ti pọ̀ gbọọrọ bí ejò: odò ló wà níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni pàǹtí wà. (Wọ́n máa ń sọ pé kí ẹni tó bá sọ nù tẹ̀ lé odò. Ní ẹkùn wa, igbó etí odò ló nípọn jù, odò náà sì lè gbẹ kó tó dé ibì kankan.) Fóònù tí kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì nísàlẹ̀ sábà máa ń rí i níbẹ̀, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, torí ó ń wọlé níbi tí ìpè kò ti wọlé. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé àwòrán ilẹ̀ inú fóònù ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bí ẹ bá ti gbà á sínú rẹ̀ láti ilé.

Ẹ wo èéfín. Ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́ sọ pé èéfín ni Ògúnlọlá ọdẹ rí tó fi mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló wà nínú igbó yẹn; ó tọ̀ ọ́ lọ, ó bá àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé, ìlú sì tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Èéfín àbà tín-ín-rín, ó ń gòkè lójú kan. Èéfín iná ìgbẹ́ fẹ̀ nísàlẹ̀, ó dúdú, ó ń rìn, àwòdì sì ń fò yí i ká, torí wọ́n ń ṣa kòkòrò àti eku tó ń sá jáde. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, nínú ọyẹ́, ẹ máa ń rí i. Iná ń sáré gun òkè ju bó ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ. Ẹni tó ń sá gun inú koríko lọ níwájú rẹ̀ ń bá a du eré tí kò lè jẹ. Orí àpáta tí kò ní koríko, tàbí ilẹ̀ tó ti jó kọjá, ni kẹ́ ẹ sá sí.

Ọyẹ́ náà ló tún ń ba ìwòran jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fẹ́ rí ọ̀nà jíjìn, ìparí oṣù Kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, kí eruku tó dé, tàbí lẹ́yìn tí òjò àkọ́kọ́ bá ti fọ ojú ọ̀run. Òjò àkọ́kọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Ìjì rẹ̀ ń dé wàràwàrà lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ ààrá, bó ti wù kó jìnnà, ẹ kúrò lórí àpáta, ẹ má sì sá sábẹ́ igi tó dá dúró.

Ìsọ̀kalẹ̀

Yangí kéékèèké tó tò sórí ilẹ̀ líle dà bí ọmọ ayò lábẹ́ bàtà. Ẹ gé ìṣísẹ̀ kúrú, ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ sí ìbú, kí ọ̀pá ṣáájú. Ẹ so okùn bàtà le níbi ọrùn ẹsẹ̀ kí ọmọ ìka má baà máa kan imú bàtà. Èékánná tí a kò gé láti ilé á sọ fún yín níbí. Kí àlàfo wà láàárín yín, torí òkúta tí ẹni òkè bá ré ẹni ìsàlẹ̀ ló ń bá.

Paramọ́lẹ̀ kì í sá. Á dùbúlẹ̀ síbi ewé gbígbẹ, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ló ń gé jẹ. Bí igi bá wó dábùú ọ̀nà, ẹ gun orí rẹ̀ kẹ́ ẹ wo òdìkejì kẹ́ ẹ tó sọ ẹsẹ̀ sílẹ̀. Bó bá gé ẹnì kan jẹ, ẹ má sín gbẹ́rẹ́ sójú ibẹ̀, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má dì í pinpin. Ẹ bọ́ òrùka àti aago, ẹ má jẹ́ kó lo ẹsẹ̀ náà, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù tó ní oògùn oró ejò, ẹ sì kọ aago tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ fún dókítà.

Igi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ọ̀nà àyípo ní ẹ̀tàn kan tó kù, mo sì rò pé òun ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Èèyàn lè kọjá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ láìmọ̀. Láàárọ̀, apá kan lẹ ti wo igi náà. Ní ọ̀sán, apá kejì tí ẹ ò rí rí lẹ máa gbà jáde sí i. Ẹ̀ka rẹ̀ yàtọ̀ níbẹ̀, àpáta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti pa mọ́, oòrùn ti yí. Ẹni tó ti rẹ̀ á máa lọ, á kọjá, á tún bẹ̀rẹ̀ àyípo kejì kó tó fura.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó gbéra láàárọ̀ rárá, ẹ rin ìṣísẹ̀ 50 wọ apá tẹ́ ẹ máa gbà jáde. Ẹ yí padà níbẹ̀, ẹ wo igi náà bí yóò ti rí nígbà tẹ́ ẹ bá ń bọ̀. Ẹ wá padà, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá dé, ẹ tú òkúta tẹ́ ẹ tò ká, ẹ wo ẹ̀yìn orúnkún àti abíyá fún eégbọn, ẹ pe ẹni ilé. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n níbí, ẹ kà. Ìyá tó bi yín láàárọ̀ pé ṣé ẹ so nǹkan mọ́ ibẹ̀ á ti máa bẹ ẹ̀gẹ́ níwájú àbà. Ẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ kí i kú iṣẹ́, ẹ jẹ́ kó rí gbogbo yín. Mẹ́fà ló rí tó lọ. Òun ni wọ́n máa wá bi bó bá jẹ́ pé márùn-ún ló bọ̀.